Máàkì ọmọ mi ga nínú ìwé ìbéèrè tí wọ́n fún wa, ṣé ohun ayọ̀ ni àbí ohun ẹ̀rù?

Ìyá Àánú
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún méjì àtààbọ̀. A gbé e lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe fún ọmọdé, wọ́n sì fún mi ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní ASQ:SE-2. Àwọn ìbéèrè rẹ̀ kò le rárá: ṣé ó máa ń wo ojú yín bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ṣé ó máa ń pẹ́ kó tó dákẹ́ bó bá ń sunkún, ṣé ó ń sùn dáadáa, ṣé ó máa ń ṣe ẹlòmíràn léṣe. Mo sàmì sí èyí tó bá a mu.

Nígbà tí mo rí i pé máàkì rẹ̀ ga, inú mi dùn. Mo pe bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé ọmọ wa mà yege o! Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pè mí pé kí n mú un padà wá nítorí pé máàkì náà ti kọjá ìlà. Mo ní ìlà wo? Ẹni tó pè mí ń kánjú, ó ní àwọn yóò ṣàlàyé tí mo bá dé. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọ́n fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, kó bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ṣé orí ọmọ mi kò pé ni?

Ológo
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mi ò mọ̀ nípa rẹ̀, mo kàn jókòó tì yín láti gbọ́ ni. Tèmi yóò pé ọdún méjì lóṣù tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́
Ìyá Àánú, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ìwé ìbéèrè méjì ni orúkọ wọn jọra, ohun tó ṣe yín yìí sì ti ṣe ọ̀pọ̀ òbí. Ọ̀kan ni ASQ-3. Ọ̀rọ̀ sísọ, rírìn, bí ọmọ ṣe ń lo ọwọ́, bó ṣe ń ronú, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni ìyẹn ń wò, bí máàkì bá sì kéré níbẹ̀ ni a máa ń fura. Èkejì, èyí tí wọ́n fún yín, ń wo bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn gbé àti bí nǹkan ṣe ń rí lára rẹ̀. Nínú tiyín, bí máàkì bá ga kọjá iye kan tí wọ́n fi ṣe ààlà ni a ń fura, ìyẹn ni ìlà tí wọ́n sọ fún yín. Èmi gan-an ti ka ọ̀kan bí èkejì rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá mi ló ká mi mọ́ ọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn mẹ́ta: èyí tí kò sí wàhálà nínú rẹ̀ gba òdo, ti àárín gba 5, èyí tó ń kọni lóminú gba 10. Àyè kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ lè sàmì sí bí ọ̀rọ̀ náà bá ń dà yín lọ́kàn rú, àmì kọ̀ọ̀kan ń fi 5 kún un. Ìyẹn ni pé bí ìyá méjì bá dáhùn lórí irú ọmọ kan náà, ti ìyá tí ẹ̀rù ń bà yóò ga ju ti èkejì lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ẹni tó ń bá ọmọ sùn, tó ń bá a jí, a kì í fi ọwọ́ rọ́ àníyàn rẹ̀ sẹ́yìn.

Pé ṣé orí rẹ̀ kò pé? Ìwé yẹn kò lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fi ìwé yẹn nìkan sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ dìde níwájú rẹ̀. Asẹ́ ni. Ohun tó bá kù lórí asẹ́, ọwọ́ la fi ń tú u wò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìyẹn yóò rí ọmọ náà fúnra rẹ̀, yóò bá yín sọ̀rọ̀, yóò wò ó níbi tó ti ń ṣeré, kó tó sọ bóyá nǹkan wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ẹ bá mi dáhùn èyí: ẹ̀yin nìkan lẹ dáhùn ìbéèrè náà? Ṣé oṣù rẹ̀ pé kí ẹ tó bí i? Kí ló yí padà nínú ilé láti bí oṣù mẹ́ta? Ṣé ẹnikẹ́ni ti yẹ etí rẹ̀ wò?

Bàbá Ìbejì
Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè etí yẹn o.

Kẹ́yìndé tiwa máa ń gé àwọn ọmọ jẹ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lóṣooṣù ni wọ́n ń pè wá. Wọ́n ní ìwà rẹ̀ le, pé kò gbọ́ràn, pé tí wọ́n bá pè é kì í wo ẹ̀yìn. A ti ń wá ẹni tí yóò bá wa tọ́ ìwà rẹ̀ sọ́nà kí dókítà kan tó ní ká kọ́kọ́ lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Omi ti dúró sẹ́yìn ìlù etí rẹ̀ méjèèjì, láti ara ọ̀fìnkìn tí kò tán bọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ki orí bọ omi ló ṣe ń gbọ́ ohùn wa. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ, tí wọ́n dédé ń gba nǹkan ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni kó ṣe? Eyín ló ní.

Wọ́n tọ́jú etí náà. Gígéjẹ kò lọ lọ́jọ́ kan ṣá, ó tó oṣù díẹ̀, torí ó ti mọ́ ọn lára. Mo ti nà án lórí ọ̀rọ̀ yẹn kí a tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Màmá Àgbà
Ẹ̀yin òbí ìsinsìnyí, ẹ kú ìdààmú. Ọmọ márùn-ún ni mo tọ́, kò sẹ́ni tó fún mi níwèé pé kí n sàmì sí i. Ọmọ ọdún méjì tí kò bá ké, tí kò fi ara lulẹ̀, tí kò sọ pé òun ò ṣe, ta ló fẹ́ kó ṣe é? Ṣé èmi tí mo ti dàgbà ni?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé orúkọ ń ro ọmọ. Ẹ bá kọ ọ́ sínú fáìlì lónìí pé ọmọ yìí ní wàhálà. Tíṣà tí yóò gbà á lọ́mọ ọdún mẹ́fà yóò ti ka fáìlì kó tó rí ojú rẹ̀. Gbogbo eré tó bá sá lẹ́yìn ìgbà náà, wàhálà ni wọn yóò máa pè é.

Ológo
Màmá ti sọ ọ̀kan tó wọ̀ mí létí o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ti Màmá Àgbà lẹ́yìn díẹ̀, kì í ṣe láti bá nọ́ọ̀sì wa jà. Àwọn onímọ̀ gan-an kò tíì fohùn ṣọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé, AAP, ní kí wọ́n fi ìwé ìbéèrè yẹ gbogbo ọmọ wò nítorí autism (ìdàgbàsókè ọpọlọ tó yàtọ̀, tó máa ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá èèyàn ṣe) nígbà tí wọ́n bá pé oṣù 18 àti oṣù 24. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016, ìgbìmọ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní USPSTF, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wọn àǹfààní àyẹ̀wò mọ́ ìpalára rẹ̀, sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ bóyá ó yẹ tàbí kò yẹ láti máa ṣe é fún ọmọ kékeré tí òbí àti dókítà kò fura sí ohunkóhun lára rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kò rọrùn bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́
Akẹ́kọ̀ọ́, òótọ́ lẹ sọ, ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n "ẹ̀rí kò tó" yàtọ̀ sí "ẹ má ṣe é". Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò fura sí ni wọ́n sì ń sọ. Ìyá Àánú ti fura, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé ló ti fura láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi autism tí ẹ mẹ́nu bà ṣe àpẹẹrẹ, torí nọ́ńbà rẹ̀ yé mi dáadáa. Ìwé tí wọ́n ń lò jù ni M-CHAT-R/F, ìbéèrè 20 fún ọmọ oṣù 16 sí 30, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó bá jẹ́ 0 sí 2, ó tán. Tó bá jẹ́ 3 sí 7, wọn kì í tíì rán ọmọ lọ síbì kankan, wọn yóò kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ òbí láti tú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó kùnà wò. Ẹ fojú inú wò ó: wọ́n bi yín pé ṣé ọmọ máa ń na ìka sí nǹkan láti fi hàn yín, ẹ ní rárá. Nọ́ọ̀sì tún béèrè, "tí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lókè ńkọ́?" Ẹ ní, "áà, ìyẹn! Ojoojúmọ́ ló ń nàka sí i, tó sì ń wo ojú mi bóyá mo rí i." Ó ti bọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ 8 sókè ni wọ́n ń fo ìgbésẹ̀ yẹn. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014 lórí ìwé yìí, nínú àwọn ọmọ tí asẹ́ kejì, ìyẹn ìbéèrè tí wọ́n padà wá bi òbí, ṣì dá dúró, bí ìdajì, 47.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ní autism. Ìyẹn ni pé ìdajì kejì kò ní in. Màmá lè fi ìyẹn dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, 94.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ohun kan tó fẹ́ ìrànlọ́wọ́, bóyá ọ̀rọ̀ tó ń pẹ́ tàbí nǹkan mìíràn nípa ìdàgbàsókè. Asẹ́ náà lè ṣi orúkọ nǹkan pè, kì í sábà dá ọmọ tí kò nílò ohunkóhun dúró.

Ní ti fáìlì, Màmá Àgbà, mo gbà fún yín. Èmi náà ti rí i. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí ìwé náà ń lọ àti ẹni tí yóò rí i, kí wọ́n sì béèrè kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè kankan.

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi
Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tọ́jú ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń gé jẹ, tó ń ké. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sọnù, ariwo rẹ̀ ló ń pe ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tó ń sọnù.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà kan. Kì í sunkún tí ìyá rẹ̀ bá fi í sílẹ̀, kì í sáré pàdé rẹ̀ tó bá dé. Ibi tí o bá fi í sí ni wàá bá a. Bí ọmọ mìíràn bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kàn jọ̀wọ́ rẹ̀ ni. Bó bá ṣubú, kì í wá ẹnikẹ́ni wá. Lọ́dún yẹn, ìgbàkígbà tí ìyá rẹ̀ bá béèrè pé báwo ló ṣe ń ṣe, èsì mi ni pé "ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò yọ wá lẹ́nu rí." Mo fi yìn ín. Ẹlòmíràn tó wá gba kíláàsì náà ló bi mí pé, "ìgbà wo lo gbọ́ ẹ̀rín ọmọ yìí kẹ́yìn?" N kò rí ìdáhùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo SDQ, ìwé tí dókítà kan tó ń jẹ́ Robert Goodman gbé jáde lọ́dún 1997. Ìbéèrè 25 ni, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín in sí, márùn-ún márùn-ún. Ọ̀kan nínú rẹ̀ dá lórí ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́, òmíràn lórí bó ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ìdá kan jẹ́ kìkì nǹkan rere tí ọmọ náà ń ṣe: ṣé ó ń pín nǹkan, ṣé ó ń ran ẹni tó farapa lọ́wọ́. Òbí dáhùn tirẹ̀, tíṣà dáhùn tirẹ̀. Ti àwa méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu, kò sì yẹ kó bára mu, torí pé ọmọ tí ẹ mọ̀ nílé kọ́ ni èmi mọ̀. Bí ìjà bá wà lọ́dọ̀ mi nìkan, mo ní láti wo ara mi àti kíláàsì mi kí n tó wo ọmọ.

Onítìjú Tẹ́lẹ̀
Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún sọ onítìjú di aláìsàn o. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mí. Thomas àti Chess, àwọn dókítà ọpọlọ méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ọmọ kan láti kékeré ní New York lọ́dún 1956, rí i pé bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kàn máa ń pẹ́ kí nǹkan tuntun tó mọ́ wọn lára ni. Bí a ṣe dá wa nìyẹn. Báwo lẹ ṣe ń mọ ìyàtọ̀?

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi
Ìbéèrè gidi. Ojú ni mo ń wò. Onítìjú dúró lẹ́bàá ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà nínú eré. Tí wọ́n bá ṣe ohun tó pani lẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ á mì. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á sún mọ́ wọn níṣísẹ̀ kan, lọ́sẹ̀ kejì á ti wà láàárín wọn. Nílé, ìyá rẹ̀ á ní ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọmọbìnrin tí mo sọ kò sí nínú eré rárá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé.

Ìyá Àánú
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Màmá Àgbà, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì, oṣù rẹ̀ pé. Ẹnikẹ́ni kò yẹ etí rẹ̀ wò láti ìgbà tí mo bí i. Èmi nìkan ni mo dáhùn, ní aago méjì òru, torí mo ti gbàgbé ìwé náà, ilẹ̀ bá sì mọ́ mo ní láti mú un lọ. Bàbá rẹ̀ ní òun kò rí nǹkan kan lára ọmọ, pé ó ń ṣe bí ọmọkùnrin. Ohun tó yí padà nínú ilé ni pé mo bí àbúrò rẹ̀, ọmọ ọ̀sẹ̀ méje. Láti ìgbà náà ló ti ń jí lóru lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ti gbá ọmọ tuntun lójú rí. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo póò tẹ́lẹ̀, ó ti padà ń tọ̀ sára.

Àyè kékeré tí ẹ ní 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹn, mo sàmì sí gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá.

Ológo
Gbogbo rẹ̀ ke! Ẹ kú ìfaradà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́
Àbúrò tuntun, oorun tó já, ìtọ̀ tó padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún méjì ni a ń rí báyìí lẹ́yìn tí àbúrò bá dé, tó sì ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò ní torí ìyẹn ní kí ẹ má lọ o. Ẹ lọ, kí ẹ sì sọ gbogbo èyí fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa. Ẹ ní kí wọ́n fún bàbá rẹ̀ ní ìwé tirẹ̀, kó dáhùn rẹ̀ lọ́sàn-án, láìwo tiyín.

Abiyamọ Kejì
Ìyá Àánú, mo fẹ́ béèrè nípa ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má bínú. Gbogbo àyè tí ẹ sàmì sí ní aago méjì òru ló mú mi rántí ara mi.

Nígbà tí mo bí èkejì, gbogbo ohun tí àkọ́bí ń ṣe ló ń dà bí àrùn lójú mi. Wọ́n fún mi ní ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan tí wọ́n ṣe ní Edinburgh lọ́dún 1987 fún ìyá tó bá bímọ. Ìbéèrè ni pé ṣé o ṣì ń rí ẹ̀rín rín, ṣé o ń dá ara rẹ lẹ́bi láìnídìí, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ láìsí ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́. Ìbéèrè kẹrin ni omijé ti bọ́ lójú mi. Èmi ni mo nílò ìtọ́jú.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ fa ohun tó ń ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ń ka ojú wa ju bí a ṣe rò lọ. Edward Tronick, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lọ́dún 1978 nípa ohun kan tí wọ́n ṣe: ìyá á kọ́kọ́ bá ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ṣeré bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, lẹ́yìn náà á wo ọmọ náà láìfèsì, láìrẹ́rìn-ín, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ọmọ á rẹ́rìn-ín sí i. Kò ní rí èsì. Á tún gbìyànjú, á na ọwọ́, á pariwo. Nígbà tó bá yá, á gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rò pé ìparí ayé mi nìyẹn. Dókítà mi ló ní kí n gbọ́ ìyókù: ìyá á padà bẹ̀rẹ̀ eré, ọmọ á sì padà wá. Ara rẹ̀ lè má kọ́kọ́ balẹ̀ tán, àmọ́ ó ń padà wá.

Màmá Àgbà
Ọmọ mi, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ tó ń bá ọ gbé ọmọ? Ọ̀rọ̀ ìwé ti tó ná. Nígbà tèmi, mi ò dá nìkan tọ́ ọ̀kankan nínú àwọn márààrún. Bóyá ìyẹn ni mo gbàgbé láti sọ nígbà tí mò ń fọ́nnu.

Ìyá Àánú
Mà, kò sẹ́ni kankan o. Bàbá wọn ń bọ̀ nílé láago mẹ́jọ alẹ́.

Bàbá Ìbejì
Ẹ sọ fún un, Ìyá Àánú. Àwa ọkùnrin, tí ẹ ò bá sọ ọ́ jáde, a lè máà rí i. Kò ní jẹ́ pé a ò fẹ́.

Ìyá Àánú
Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. A ti lọ, àwa méjèèjì.

Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, ó ń gbọ́ dáadáa. Bàbá rẹ̀ dáhùn ìwé tirẹ̀, máàkì rẹ̀ kéré gan-an sí tèmi, ṣùgbọ́n orí ìbéèrè méjì kan náà ni àwa méjèèjì ti fún un ní 10: oorun, àti pé ó ń lu ẹlòmíràn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá rẹ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá nǹkan kan ń kọ yín lóminú nípa ọmọ yín. Òun tó ní kò sí nǹkan kan! Nínú ọkọ̀ ló ti sọ fún mi pé ọmọ náà kì í jẹ́ kí òun gbé e mọ́, pé ó ti ń dun òun.

Wọn kò fún ọmọ ní orúkọ àìsàn kankan. Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ká tún dáhùn rẹ̀, kí a sì gba ti tíṣà rẹ̀ náà wá. Wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ máa fi ogún ìṣẹ́jú ṣeré pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọmọ yan eré, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Mo béèrè ẹni tó máa rí fáìlì rẹ̀, bí Màmá Àgbà ṣe kọ́ mi. Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n dáhùn.

Abiyamọ Kejì, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìbéèrè mẹ́wàá yẹn. Mo ń lọ rí ẹnì kan lọ́jọ́ Tuesday.

Ní alẹ́ àná, ó jí lẹ́ẹ̀kan. Bàbá rẹ̀ ló dìde.

Ológo
Wọ́n ti fún èmi náà ní ìwé tèmi o. Mo ń dáhùn rẹ̀ ní ọ̀sán.